Igi ń Kí Títí Káàbọ̀

Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìbàfò lójú títì márosẹ̀, tí ẹ sì béèrè Bàbá Títí kápíńtà, kò sí ẹni tí kò níí nawọ́ sí ọ̀nà kan náà fún yín. Ẹ̀yìn ilé epo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà, níbi tí ariwo ayùn kì í ti í dákẹ́ láti Mọ́ńdé títí di Sátidé. Adébánjí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ìkirè ni, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tó ti gba yàrá méjì sí Ìbàfò tí kò padà sílé mọ́, àfi tí wọ́n bá ń sìnkú. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló fà á. Irọ́ ni. Èémí rẹ̀ ni kò tó láti fi pariwo.

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá tí ikọ́ fée ti wà lára Adébánjí. Ó mọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Abẹ́òkúta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ló ti lọ gba ìnhélà, ike búlúù kékeré tí èèyàn ń tẹ̀ sẹ́nu nígbà tí àyà bá dí. Inú agolo ìṣó ló ń fi í pamọ́ sí, lábẹ́ ìṣó onínṣì mẹ́ta, nítorí kò sí ẹni tó máa dédé ti ọwọ́ bọ inú ìṣó bẹ́ẹ̀. Tí àyà bá ti ń fún un pa, á ní òun ń wá ìṣó. Á kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, á tẹ ike náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, á sì padà wá pẹ̀lú ìṣó kan ṣoṣo lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò rí kápíńtà tí ìṣó ń tètè tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí rí.

Ohun tó fojú rí ní Ìkirè ló mú kó máa bò ó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kápíńtà ni bàbá rẹ̀, Ògúnkànmí. Tí bàbá náà bá ń bọ̀ láti òkèèrè, fèrè tó ń dún nínú àyà rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń mọ̀ pé ó ti dé. Fèrè yẹn ló dún títí tó fi kú, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Àǹtí Àjíbíkẹ́, àbúrò bàbá náà, kò fọwọ́ kan ayùn rí láyé rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi ló máa ń rù lọ sílé láti fi dáná, síbẹ̀ àyà tirẹ̀ náà ń fọn fèrè. Sámúẹ́lì, àbúrò Adébánjí, kọ́ iṣẹ́ igi fún ọdún kan, ó wúkọ́ dé ojú ikú, ó sá lọ sóko kòkó, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń wò wọ́n. Nígbà tí ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí àwọn ẹbí ọkọ ṣe ìwádìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, èsì tí wọ́n mú lọ sílé ni pé ìdílé oníkọ́ ni. Wọn ò padà wá mọ́. Adébánjí rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe jókòó sẹ́yìnkùlé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Ìbàfò, orúkọ yẹn ló ń sá fún.

Ọmọ́títí ni àkọ́bí rẹ̀, Títí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó kàwé, ó gba ìwé ẹ̀rí OND, ó wáṣẹ́ káàkiri Èkó títí bàtà rẹ̀ fi jẹ, kò rí. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ṣòkòtò àtijọ́ bàbá rẹ̀, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́." Inú Adébánjí dùn débi tí omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù sì bà á lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ṣeé sọ láìsọ ohun tó fà á, nítorí náà ayọ̀ ló fi hàn.

Ẹ jẹ́ n sọ àṣà kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn kápíńtà wọ̀nyí fún yín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wúkọ́. Tó bá ti hú ikọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo pé, "Igi ń kí ọ káàbọ̀!" Wọ́n á ra mílíìkì agolo kan fún un, wọ́n á fi ṣíbí epo pupa kan lé e, wọ́n á ní epo á fọ eruku ọ̀nà ọ̀fun dànù. Láàárín oṣù mẹ́ta, ikọ́ á lọ, wọ́n á ní igi ti mọ̀ ọ́n. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Títí dé ṣọ́ọ̀bù ló wúkọ́. Afọlábí tó ń kun igi ní ẹ̀gbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ fò sókè. "Igi ń kí Títí káàbọ̀ o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Títí náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wá ń wo Adébánjí, nítorí ọ̀gá ló máa ń sọ ọ́ kẹ́yìn. Ó la ẹnu. Ó ní, "Igi ń kí ọ káàbọ̀, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà, ó ní òun ń lọ wá ìṣó.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Oṣù mẹ́fà kọjá. Igi kò yé kí Títí káàbọ̀. Adébánjí bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí àyà ọmọ rẹ̀ bí ìyá ìkókó. Láàárọ̀ Mọ́ńdé, èémí rẹ̀ máa ń mọ́ lóló. Tó bá fi máa di Tọ́sìdeè, á ti máa dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí gbólóhùn kan. Lọ́sẹ̀ tó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kórè ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, kò wúkọ́ ẹyọ kan. Ọjọ́ kejì tó padà dé ìdí igi, bàbá náà gbọ́ ohùn kan tó rọra dún, fíín, fíín, nígbà tí Títí tẹ̀ ba láti he òòlù. Ọwọ́ Adébánjí dúró lórí pákó. Fèrè Ìkirè ni. Ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn látara bàbá rẹ̀, kò sì gbàgbé bó ṣe ń dún.

Dáraolúwa, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Títí, ló sọ pé ikọ́ náà ti ń pọ̀ jù. Ọmọ Ìfọ̀ ni, iṣẹ́ sólà ló ń ṣe. Ó gbé Títí sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí Bàbá náà wọlé, ó gbé àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Mòwé.

Dókítà obìnrin kan ló dá wọn lóhùn. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà Títí níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ igi ni, ó yí àga rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Adébánjí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bi yín. Eruku igi kì í ṣe gbogbo èèyàn bákan náà. Ẹlòmíì á fà á símú fún ọgbọ̀n ọdún, kò níí ṣe é ju kó máa wúkọ́ lọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé látinú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ni ara wọn ò ti fẹ́ ẹ. Kì í ṣe dandan pé ohun tó ṣe bàbá máa ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ á pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Irú wọn, bí wọ́n bá tètè kúrò nídìí eruku náà, àyà wọn lè balẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè má lọ mọ́. Ó tiẹ̀ lè pa èèyàn. Ṣé ẹnì kankan nínú ìdílé yín ní ikọ́ fée? Bàbá yín, àbúrò yín, tàbí ẹ̀yin alára?"

Adébánjí wo Dáraolúwa. Fóònù ló ń tẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò sí lórí fóònù. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Adébánjí rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́kàn, níbi tó jókòó sí lẹ́yìnkùlé.

"Kò sí o," ló wí. "Àwa? Ara tiwa le koko."

Dókítà náà fa ìwé kan sọ́dọ̀. Ó kọ oògùn ikọ́, ó ní kí Títí máa bo imú. "Tí ẹ bá rántí ẹnikẹ́ni, Bàbá, ẹ padà wá sọ fún mi. Nǹkan kékeré kọ́."

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Adébánjí mọ́. Ó ń ṣe ìṣirò kan lọ́kàn, ìṣirò òmùgọ̀ tí ẹ̀rù máa ń kọ́ èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Tí Títí bá ti dé ilé ọkọ ní Ìfọ̀, kò níí sí nídìí igi mọ́, àyà rẹ̀ á balẹ̀ bíi ti Sámúẹ́lì, kò sì sí ẹni tó máa mọ nǹkan kan. Kí ọmọ ṣáà ti fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ló ń wá iṣẹ́ tí kò mú eruku dání rán an. Lọ ra gọ́ọ̀mù wá ní Mòwé. Lọ wo bóyá pákó wa ti dé. Lọ bá mi wọn ìlẹ̀kùn yẹn lọ́dọ̀ oníbàárà. Títí kì í ṣe ọmọdé, ó rí i pé bàbá òun ń lé òun kúrò nídìí igi, ó sì rò pé torí òun jẹ́ obìnrin ni.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ kápíńtà gbọ́dọ̀ kan bẹ́ẹ̀dì tó máa gbé lọ sílé ọkọ fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Kò gbàgbé. Àṣà ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn, òun ló sì dá a sílẹ̀. Báwo ló ṣe máa wá sọ pé kó má kàn án?

Títí fi igi ọ̀gànwó ṣe ara bẹ́ẹ̀dì náà. Arère ló fi ṣe dúrọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí igi arère fúyẹ́, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ló le jù. Ó kúnná, ó funfun, ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí pọ́dà ọmọ tuntun. Ọjọ́ tí Adébánjí bá gé arère, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń lọ wá ìṣó.

Sátidé tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdána pé, Ìyá Dára wá láti Ìfọ̀ láti wo bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ọmọ rẹ̀. Oníṣòwò símẹ́ńtì ni, obìnrin abara-bí-ọ̀pá tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Dáraolúwa ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Adébánjí na àga fún wọn lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níta, ó ra mínírà tútù fún wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù ni Títí wà, ó fẹ́ fi sánpépà ha dúrọ́ọ̀ tó kẹ́yìn kó tó dán, kí ìyá ọkọ rẹ̀ má baà bá a láìparí. Kò sí iná, fáànù ò ṣiṣẹ́. Ìbòmú tí bàbá rẹ̀ rà fún un wà lọ́rùn rẹ̀, torí ooru.

Adébánjí ń gbọ́ bí sánpépà ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó ń dá Ìyá Dára lóhùn, etí rẹ̀ sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Sánpépà lọ, ó bọ̀. Ó lọ. Kò bọ̀ mọ́.

Títí yọ síta, ó di fírémù ìlẹ̀kùn mú. Eruku funfun bo irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Fèrè náà ń dún débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́ ọ.

"Bàbá," ni Títí wí. Ọ̀rọ̀ kejì kò jáde. Ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún.

Ariwo ta. Dáraolúwa gbá a mú. Afọlábí ké pé kí wọ́n gbé epo pupa wá, ẹnì kan sáré gbé e wá, wọ́n fẹ́ máa rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò lè mí, wọ́n fẹ́ fún un ní epo mu!

Adébánjí dúró. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò ju kí èèyàn ka ení dé ogún lọ. Agolo ìṣó wà lórí pẹpẹ, kò ju ẹsẹ̀ márùn-ún lọ sí i. Ìyá Dára ń wò ó. Tó bá yọ ike yẹn jáde, gbogbo ohun tó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún bò mọ́lẹ̀ á di mímọ̀ lójú ìyá ọkọ, ìdílé oníkọ́ á ti dé Ìbàfò. Títí gbójú sókè wò ó. Ètè rẹ̀ ti ń yí padà, ó ti ń ní àwọ̀ eérú. Ojú Ògúnkànmí nìyẹn. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tó gbẹ́mìí mì nìyẹn.

Ó sáré. Ó da gbogbo ìṣó inú agolo náà sílẹ̀, ìṣó fa ọwọ́ rẹ̀ ya, kò mọ̀. Ó ti epo dànù lọ́wọ́ wọn, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ sókè, ó fi ike náà sí i lẹ́nu.

"Mí síta. Díẹ̀ sí i. Ó tó. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Dì í mú. Má jẹ́ kó jáde. Ó dáa. A tún fẹ́ ṣe é."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀ẹ̀kẹfà. Gbogbo àwọn tó dúró yí wọn ká rí i pé ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ náà tipẹ́ ni. Afọlábí wo ìṣó tó fọ́nká sílẹ̀, ó wo ike búlúù, ó rọra sọ pé, "Háà, ọ̀gá. Ìṣó tí ẹ máa ń wá." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé e dé Mòwé. Dókítà ọjọ́sí ló wà níbẹ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fẹ́ oògùn àti afẹ́fẹ́ mọ́ Títí lẹ́nu, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó tó wákàtí méjì kí àwọ̀ ètè rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Nígbà náà ni dókítà fa àga, ó jókòó, ó mú bírò. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Bàbá, mo tún fẹ́ bi yín léèrè kan náà."

Ìyá Dára jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dáraolúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Adébánjí wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògúnkànmí, bàbá mi, ikọ́ fée ló pa á. Àjíbíkẹ́, àbúrò bàbá mi, tó ń fi lẹ́búlẹ́bú igi dáná. Sámúẹ́lì, kó tó sá lọ sóko.

"Èmi náà. Ọdún kẹwàá rèé."

Bírò náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Adébánjí gbójú sókè wo Ìyá Dára, bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

"Ẹ má bínú, ìyá wa. Mo mọ̀ pé ẹ ò níí lè gba irú ìdílé yìí mọ́."

Ìyá Dára ń wò ó bíi pé kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

"Bàbá Títí, a ti mọ̀. Láti ọdún tó kọjá la ti mọ̀. Àbí ẹ rò pé a ò níí ṣe ìwádìí ni? Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìkirè, ó sun ọjọ́ méjì níbẹ̀. Wọ́n sọ ti bàbá yín fún un, wọ́n sọ ti àǹtí yín. Mo ní kí ni ti ikọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìtọ̀ ṣúgà ló pa bàbá Dára, ẹ̀yin náà sì gbà wá. Mo ní kó máa bọ̀ nílé, kí ètò ìdána máa lọ." Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Títí lábẹ́ aṣọ. "Èmi rò pé ẹ ti sọ fún ọmọ yín ni. Mo rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe."

Títí fa ìbòmú ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

"Ará Ìkirè mọ̀. Ará Ìfọ̀ mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, Bàbá." Ó mí, ó tún mí. "Èmi tí mò ń ha igi nìkan ni mi ò mọ̀."

Dókítà ní kó dá ìbòmú padà. Ó dá a padà, ó sì yíjú sí ògiri. Adébánjí fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà tirẹ̀ ti ń dí láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́nà, ó sì ti tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ike náà fún ọmọ. Fèrè méjì ló ń dún nínú yàrá náà, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lórí àga.